Ọ̀nà Òkè Òrofó àti Korobá Omi Orí Mi

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mo ń la ọ̀nà sínú igbó kí àwọn ènìyàn lè máa rìn níbẹ̀ fún ìgbádùn. Kì í ṣe ọ̀nà oko, kì í sì í ṣe ọ̀nà odò. Ọ̀nà ìgbafẹ́ ni. Ẹni tó bá gbà á kò ru nǹkan kan lọ, kò sì ru nǹkan kan bọ̀, àfi ẹ̀rín ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá mi ní ilé wa ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn, ó ń gún iyán lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ odó dúró lókè, ó wò mí.

"Fúnmi," ó ní, "ẹni tí éè lọ s'óko, tí éè wá ugi, kí lọ́ rè é ṣe nínú ugbó?"

"Màmá, ọ́ rè é ṣeré ni."

"Eré!" Ó sọ ọmọ odó padà sínú odó, gbì. "Nínú ugbó tí ejò wà!"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé náà máa ń bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí mo ṣe tó iṣẹ́. Ó tó iṣẹ́! Ó dùn débi pé bí mo ṣe jókòó tí mo ń kọ èyí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń yún mi, mo fẹ́ dìde kí n máa lọ.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán, mo jókòó sílé, mo gbọ́ pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ sí igbó ọba kan tó wà ní ìhà ẹ̀yìn Ọ̀sí, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀. Mo lọ, wọ́n mú mi. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́. Ó tán.

Ọ̀gá mi ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Bàbá Jákọ́bù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Onífèrè ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé fèrè kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, irú èyí tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá máa ń fọn. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní tí mo dé, kò béèrè orúkọ mi. Ẹsẹ̀ mi ló wò. Mo wọ bàtà tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Èkó nítorí iṣẹ́ náà.

"Bọ́ ọ," ó ní.

"Ẹ̀gún ńkọ́, sà?"

"Ùwọ lọ́ ó mọ b'ẹ̀gún ṣe wà níbẹ̀. Bí ùwọ éè bá mọ̀ ọ́n, tani ọ́ ó mọ̀ ọ́n?"

Mo bọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú igbó yẹn fún ìgbà pípẹ́, mo ń bú ọ̀gá mi nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí ilẹ̀ ti dẹ̀, ibi tí omi máa ń gbà lábẹ́ ewé, àti ibi tí òkúta ti fẹ́ yọ orí. Títí dòní, bí mo bá wọ inú igbó kan, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi kí ojú tó rí i.

Ìyà tó tóbi jù ni ti fèrè. Òfin ọ̀gá mi ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ títí dé orí òkè. Bó o bá ti la ẹnu, yóò fọn fèrè, fíì! O di ẹni tó ń padà sí ìsàlẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Fún gbogbo oṣù tí mo kọ́kọ́ lò, mi ò dé orí òkè rí. Mo máa ń gun ún dé ìdajì, màá rí ìjímèrè kan tó gbé ọmọ pọ̀n, màá ní "Haà, ẹ wò ó!" Fíì! Ìsàlẹ̀ ló kàn.

Délé, tí a jọ wọṣẹ́, ọmọ Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bó bá rẹ́rìn-ín, ọ̀gá á fọn tirẹ̀ náà.

Ọjọ́ tí mo dákẹ́ dé òkè, mo fẹ́ kú fún ayọ̀. Òkè Òrofó ni òkè náà ń jẹ́, àpáta ńlá ni orí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo dúró níbẹ̀, mo rí òrùlé Ọ̀sí, mo rí ti Ìlọ́fà, mo rí ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀pìn tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ láàárín oko. Nítorí pé mo dákẹ́, mo gbọ́ àwọn ẹyẹ òrofó tó ń ké lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ nísàlẹ̀ mi. Mo ti ń gun òkè yẹn láti ọjọ́ yìí, mi ò gbọ́ wọn rí, nítorí pé èmi ni mò ń pariwo. Mo wo ọ̀gá mi. Ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ó ku ọ̀nà tí a ó là."

Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ìgbafẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi ló tẹ̀ ẹ́. Ó gun òkè lọ gbọnrangandan, nítorí pé ẹni tó ru igi fẹ́ tètè délé. Òjò náà sì ń gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ti gbẹ́ ẹ di kòtò. Ọ̀gá fẹ́ ọ̀nà tuntun, tí yóò máa yí òkè ká díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi, tí ẹni tó ń rìn ín kò ní mọ̀ pé òun ń gòkè.

A kò ní ẹ̀rọ. Àdá, ọkọ́, okùn àti korobá omi la fi ṣiṣẹ́. Ẹ ó ní kí ni korobá ń ṣe níbẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀.

Bí a bá ti la apá kan, ọ̀gá á pọn omi kún korobá ní odò tó wà nísàlẹ̀, á kún un débi pé omi á fẹ́ ṣubú létí rẹ̀. Á gbé e lé orí mi lórí òṣùká. Èmi kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ dì í mú. Màá máa lọ, òun á máa tẹ̀lé mi. Ibi tí omi bá ti ta sílẹ̀, á ri igi pélébé mọ́lẹ̀ níbẹ̀. "Ọ̀nà purọ́ níbí," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà a ó padà wá gbẹ́ ibi gbogbo tí igi wà, a ó tẹ́ ẹ, a ó tún pọn omi.

Mo rò pé màá gba oríyìn níbi iṣẹ́ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń pọn omi! Mo ru korobá kọjá lórí gbòǹgbò, lórí òkúta, lórí kòtò, ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀. Mo dé òkè, mo dúró, mo ń retí kí ọ̀gá kí mi.

Ojú rẹ̀ le. "Gbé e sọ̀," ó ní. "Ọrùn rẹ lọ́ gbé omi yìí. Éè í ṣe ọ̀nà. Délé, wá rù ú."

Délé! Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjì ń pọn omi fún láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kìíní, omi bọ́ sí ojú rẹ̀. Ó gbé ìkejì, omi gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú ṣòkòtò. Kó tó dé ìyànà àkọ́kọ́, korobá ti gbẹ, Délé ti wẹ̀ tán, mo sì ti rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Igi pélébé tí ọ̀gá rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pọ̀, ó dà bí ọgbà ilá.

Láti ọjọ́ náà, Délé la fi ń wọn ọ̀nà. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń wẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá ọ̀gá pé kí ló dé tí ọmọ òun máa ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ikọ́. Ọ̀gá ní kí ìyá fún un ní ẹ̀wù gbígbẹ sínú àpò.

Mi ò mọ ìdí tí omi kò fi gbọdọ̀ dànù. Mo rò pé agídí ọ̀gá lásán ni. Ọjọ́ Gálílì ni mo tó mọ̀.

Ní àdúgbò wa, ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde ni a máa ń lọ sí Gálílì. Ìjọ kọ̀ọ̀kan á gbé oúnjẹ, á gbé ìlù, á lọ jókòó sí ibi tó tutù lẹ́yìn ìlú, nítorí pé Olúwa ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ pàdé òun ní Gálílì. Òkè Òrofó ni Gálílì tiwọn ní Ọ̀sí. Lọ́dún yẹn mo wà níbẹ̀ láti máa tọ́jú igbó. Àwọn ìjọ gba ọ̀nà àwọn tó ń ṣẹ́gi gòkè, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nísàlẹ̀, lábẹ́ igi àyúnrẹ́, ìyá kan jókòó sórí àga onítáyà, ó ń ṣọ́ àwọn kúlà oúnjẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀ kalẹ̀, ìyá yìí á pè é. "Kí lẹ rí?" Bí ẹni náà bá ní, "Ó dára, Mà," inú á bí i. "Mi è bi ọ́ b'ọ́ dáa. Kí lo rí? Ugi apá tó wà l'étí àpáta, ṣé ọ́ ti wúwé? Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Ìlọ́fà, ṣé ọ̀n ti kùn ún?"

Mo bi Délé pé ta ni. Ó yà á lẹ́nu pé mi ò mọ̀. Màmá Tíṣà ni. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó ń gòkè yẹn níwèé. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, lópin táàmù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gun Òkè Òrofó láti lọ wo ayé. Àrùn ẹ̀gbà ló wá mú un ní ẹsẹ̀. Bí àga rẹ̀ bá ti jàn án díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ro ó títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n ti fẹ́ pọ̀n ọ́n gòkè rí, ó yarí. Ó ní òun kò tíì di àpò gàrí tí ọmọ tí òun nà ní kíláàsì yóò máa gbé lẹ́yìn.

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

Délé nawọ́. Bàbá Onífèrè ló dúró sí ẹ̀yìn àga náà, tó ń fi ewé lé eṣinṣin fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín! Èmi tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí.

Korobá, igi pélébé, Délé tó ń wẹ̀ láràárọ̀, ohun gbogbo yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí omi kò ní dànù lórí Délé ni àga onítáyà lè gbà tí kò ní jan ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá sì máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Gálílì ọdún tó ń bọ̀. Bí ọ̀nà kò bá parí kí ó tó lọ, ta ni yóò parí rẹ̀? Mo sá lọ bá a, mo ní, "Ọ̀gá, à á parí rẹ̀."

Ó fọn fèrè sí mi. Ṣùgbọ́n ó rọra fọn ún.

Ẹ wá wo iṣẹ́ lọ́dún yẹn! Ọ̀nà náà ń gùn sí i, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra wọn kí ó tó parí. Àwọn tíṣà láti Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ á gun ọ̀kadà wá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù á wá nírọ̀lẹ́, wọ́n á bọ́ táì sínú àpò. Ìyá mi gan-an wá, ó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ọmọ òun ṣòfò. Mo já ewé tíìkì tútù, mo fún un pé kó fi ọwọ́ ra á. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó kígbe bí ọmọdé, ó tún já òmíràn. Ó rí labalábá lórí ilẹ̀ tútù, ó rí àkókó tó ń sọ igi, ó ká ìyeyè sẹ́nu. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ṣé ọ̀la náà ẹ ṣí i?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀gá fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Gbogbo àárọ̀ ni kí a gbá ojú ọ̀nà mọ́, kí ewé gbígbẹ kan má ṣe wà lórí rẹ̀, kí ilẹ̀ pupa hàn. Délé kùn, èmi náà kùn. Ta ni ń gbá igbó? A gbá a ṣá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀fúùfù ń fẹ́, a rí èéfín ní ìhà ìsàlẹ̀. Àwọn kan ti dáná sun koríko láti fi lé ọ̀yà jáde, iná sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí dòní a kò mọ ẹni tó dá a. Kí a tó sá débẹ̀, ó ti wọ abẹ́ àwọn igi tíìkì, ewé gbígbẹ ń jó, ó ń ta pàrà pàrà. A ṣẹ́ ewé tútù, a ń fi na iná. Ojú wa ń ta, a kò ríran.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, mo ṣì ń rí i. Iná náà dé etí ọ̀nà wa, ó dúró. Kò rí ewé tí yóò jẹ. Ó ń sáré lọ sókè sódò létí ọ̀nà, kò lè kọjá. Apá kan ń jó, apá kejì tutù, ọ̀nà pupa sì wà láàárín. Mo pariwo, "Ọ̀gá, ó dúró! Ó dúró!"

Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí a kò tíì là tán, kò sí ọ̀nà tí yóò dá a dúró. Iná gba ibẹ̀ kọjá. Ó jó afárá igi tí a ṣe sórí kòtò omi di eérú, ó sì jẹ ìdí igi apá ńlá kan. A gbọ́ bó ṣe ń ya. Ó ṣubú dábùú ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ó nà gbalaja.

Nígbà tí iná kú, ọ̀gá jókòó sílẹ̀ nínú eérú. Ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn. "Ó tán, Fúnmi," ó ní. Láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́, kò pè mí lórúkọ rí. Mo bú sẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ tó kù kí ó di Àjíǹde kò pọ̀. Wọ́n ti fún wa ní ẹ́ńjìnì tí a fi ń gé igi nígbà náà, tuntun ni, Délé ló máa ń lò ó, ó máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni bẹntiróò wọ́n jákèjádò ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tò sí ilé epo láti àná dé ọ̀túnla. Délé gbé kẹ́ẹ̀gì lọ títí dé Ìlọ́fà, ó gbé òfìfo bọ̀. Ẹ́ńjìnì jókòó, igi apá dùbúlẹ̀.

Mo wá ronú pé ta ni kò fẹ́ràn Màmá Tíṣà ní ìlú yìí? Mo jáde lọ. Mo lọ bá àwọn akọrin Áńgílíkà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin Àjíǹde. Mo lọ bá àwọn Onítẹ̀bọmi. Mo lọ bá àwọn Aládùúrà, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọn kí n tó wọlé. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ni mo sọ níbi gbogbo: "Màmá Tíṣà fẹ́ gòkè lọ́jọ́ Gálílì. Ugi ló dí i l'ọ́nà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbó kún! Àwọn bàbá méjì tó máa ń la pákó láyé àtijọ́ ti yọ ayùn gígùn wọn láti àjà, èyí tí ẹni méjì máa ń fà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ti dógùn-ún. Wọ́n fi epo pupa pa á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ó bá rẹ Áńgílíkà, Aládùúrà á gbà á. Ìjọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi orin rẹ̀ fa ayùn, ayùn kò mọ èwo ni kó tẹ̀ lé, ni bàbá kan bá pariwo, "Ẹ mú orin kan, ẹ jọ̀ọ́, ayùn éè mọ ìjọ!" Wọ́n mú èyí tí Màmá Tíṣà máa ń fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń kọ orin ìṣirò nínú igbó!

Lára igi apá náà ni wọ́n ti la pákó, pákó náà la sì fi tún afárá ṣe. Ní Sátidé, Délé ru korobá. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, a kò mí. Ó gba ìyànà gbogbo, ó gba orí afárá, ó dé orí àpáta. Ẹ̀wù rẹ̀ gbẹ! Ọ̀gá wo igi pélébé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ibi tí yóò rì í mọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ nù sínú igbó.

Mo fẹ́ fi ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn parí ọ̀rọ̀ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń lọ sópin, wọ́n gbé mi lọ sí Ìlọrin láti ṣe ọ̀nà sínú ọgbà ìgbafẹ́ kan létí odò. Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ẹnjiníà fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Ẹnjiníà tó ni ín jẹ́ ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ó jẹ́ kí n fi ojú sí i. Ayé sún mọ́ mi bí ìgbà tí mo lè fọwọ́ kàn án! Mo ní kí a fi korobá wọn ibi tí ó ti fi ẹ̀rọ wọ̀n, ó gbà, òun fúnra rẹ̀ ló rù ú. Ẹ̀rọ àti korobá sọ ohun kan náà. A rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ẹ̀rọ ni mò ń lò. Kí n má parọ́, ó yá ju korobá lọ, kò sì ń mú ẹnikẹ́ni níkọ́.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ará ìlú á tú jáde wá sọ́gbà. Ìyàwó àti ọkọ tí wọn kò rí àyè bára wọn sọ̀rọ̀ nílé, abẹ́ igi wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba á máa fa ẹsẹ̀ wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹni tó wọlé pẹ̀lú ojú rírẹ̀ tó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ńṣe ló máa ń ṣe mí bí i kí n fò sókè. Ta ló tún ń wá iṣẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Fèrè ọ̀gá wà lọ́rùn mi nígbà náà, ó ti fún mi. Mo máa ń fọn ún fún àwọn tó bá ń pariwo lé ẹyẹ.

Ó yá, Gálílì.

Wọ́n gbé Màmá Tíṣà wá sí abẹ́ igi àyúnrẹ́ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ó ró ìró aláwọ̀ ewé, ó we gèlè. Délé di ẹ̀yìn àga mú, ó fẹ́ tì í.

"Dúró," màmá ní. "Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ omi tí éè ta yọ mí lẹ́nu n'ílé látàná. Ẹ gbé omi ọ̀hún wá."

Mo bu omi kún igbá, ó gbé e lé orí itan rẹ̀. A gbéra. Ọ̀gá wà lẹ́yìn pátápátá, fèrè ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin. Fíì! Wọ́n dákẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún ẹnì kejì. Fíì! Nígbà tó yá, òye yé gbogbo wọn. Ìjọ mélòó kan, àgbà àti ọmọdé, ń rìn yí òkè ká nínú igbó, a kò gbọ́ ju táyà lórí ilẹ̀ lọ. Apá òsì wa dúdú fún iná, apá ọ̀tún wa tutù yọ̀yọ̀. Màmá ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó ń fọwọ́ kan ewé tó bá sún mọ́ ọn. Omi inú igbá ń mì díẹ̀, kò ta. A kọjá lórí pákó igi apá. Òrofó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo rí i tí màmá gbé orí sókè.

Nígbà tí a dé orí àpáta, Délé dá àga dúró. Màmá Tíṣà wo iwájú títí. Ó wo Ọ̀sí, ó wo Ìlọ́fà, ó wo ọ̀nà Ọ̀pìn. Igbá omi kún lórí itan rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Bàbá Dúpẹ́," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọ̀gá.

"Mo ń gbọ́, Tíṣà."

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó sá wá síwájú àga, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀. "Ara rẹ éè yá ni? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

"Ara mi yá gágá. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ d'ísàlẹ̀, kí n tún gùn ún."

Ọ̀gá wò ó, ó wo gbogbo wa. Ẹ̀rín ti ń yọ ní ẹnu rẹ̀. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ún kíkankíkan ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ, fíììì!

"Tíṣà sọ̀rọ̀," ó ní. "Ọ́ di ìsàlẹ̀!"

Gbogbo òkè bú sẹ́rìn-ín. Ó tún fọn ún fún àwa náà, ni a bá yí padà, gbogbo ìjọ, a sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí igi àyúnrẹ́, mo tún bu omi kún igbá, a tún gùn ún.